Róbà Slíìfù Kẹrin

Kẹ́ẹ̀gì omi kejì nìyí tí Motọ́lání ń dà sínú rédíétọ̀ trélà náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ò sí nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó gun orí bọ́ńpà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan, omi ń dún wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀gá Àkàngbé fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ó ń fi àkísà nu gbogbo ibi tí páìpù ti so mọ́ ara wọn, ó ń wo àkísà náà, ó tún ń nu. Gbígbẹ ló fi nù ún, gbígbẹ ló ń bá a.

“Báwo ló ṣe mu tó?” ó béèrè láti ìsàlẹ̀.

“Ó ti ń lọ sí kẹ́ẹ̀gì méjì, ọ̀gá.”

“Láti àná?”

Taoheed, awakọ̀ tó ni trélà náà, ló dáhùn. Orí táyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló jókòó sí, ó fọwọ́ lẹ́rán. “Láti àná, ọ̀gá. Mi ò sì rí ibi tó ń jò sí. Ó kàn ń mu ún bí ọmọ tí ibà ń ṣe ni.”

Motọ́lání mọ ibi tí omi náà ń lọ. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ọ̀gá Àkàngbé ní Ìdí-Òrò, ní Mushin, lọ́jọ́ náà, òun àti ẹnì kan péré ló mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì ò sì sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Motọ́lání. Tíṣà ni ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Mobọ́lá, ní Yaba, nínú ìdílé ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó jẹ́ pé báírò ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Lọ́jọ́ tí Motọ́lání sọ pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá lòun fẹ́ kọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ ò jẹun alẹ́. Ó gbà fún un níkẹyìn, ọdún méjì àbọ̀ sì ti kọjá lórí ẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni fírídọ̀mù rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà fún un níwájú ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, tó máa fún un ní ìwé ẹ̀rí, tí òun náà á lè dá dúró. Ìyá tí kì í fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ pé ọmọ òun ń fi ọ́ìlì para ló ti wá ń pe àwọn obìnrin ìjọ síbi ayẹyẹ náà báyìí.

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi ṣe ìdánwò fún un: ẹ́ńjìnnì trélà Taoheed. “Ìwọ lo máa tú u, ìwọ lo máa tò ó padà,” ọ̀gá wí. “Bó bá ṣiṣẹ́, o ti yege nìyẹn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a jọ tún wà níbí fún oṣù mẹ́fà.”

Ẹ́ńjìnnì náà kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Gééjì tó ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlélógún, omi kànga sì ni wọ́n ń dà sí i láti ọjọ́ tó ti dé Nàìjíríà. Ìpáàrà ti jẹ ihò tí àwọn slíìfù ń wọ̀. Slíìfù ni àgbá irin tí písítìnnì ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára sì yí wọn ká. Róbà tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ slíìfù kọ̀ọ̀kan ni kì í jẹ́ kí omi náà ṣàn sínú ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi sáńpépà ha etí ihò kọ̀ọ̀kan títí á fi dán, kí ìpáàrà má baà gé róbà nígbà tí wọ́n bá ń ti slíìfù wọlé. Ọ̀gá Àkàngbé máa ń sọ pé ìka ni kí èèyàn fi wo etí ihò, kì í ṣe ojú.

Motọ́lání ha ti àkọ́kọ́, ó ha ti ìkejì, ó ha ti ìkẹta. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọ̀gá ti lọ kírun Jímọ́ọ̀, oòrùn mú ganrínganrín. Ó wù ú kí ọ̀gá dé bá a pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọlé. Nígbà tó kan ìkẹrin, ojú ló fi wò ó. Ó ti slíìfù náà wọlé, ó gbọ́ “tín”, ohun kan tó dúdú, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀wà, sì lẹ̀ mọ́ ọn níka.

“Róbà ti gé,” ó wí.

Níyì, ọmọọṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bá a di irin mú, bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ẹyọ kan péré? Fi gọ́ọ̀mù pa á, jàre.”

“Ọ̀gá ní ká má fi gọ́ọ̀mù síbẹ̀ láé.”

“Ta ló máa wọnú ibẹ̀ lọ wò? Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún ọ̀gá pé o ba róbà jẹ́, nígbà tí fírídọ̀mù ẹ ti dé tán? Kó wá ní o ò tíì mọṣẹ́?” Níyì rẹ́rìn-ín. “Àbí o ò fẹ́ fi mí sílẹ̀ níbí ni?”

Gọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo, ẹni tó bá sì ń fúnni nírú ìmọ̀ràn báyẹn kì í sábà sí nítòsí lọ́jọ́ ẹjọ́. Motọ́lání fa gọ́ọ̀mù yí róbà náà ká, ó ti slíìfù wọlé. Nígbà tí ọ̀gá fi máa dé, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti tò síbẹ̀, wọ́n ń dán. Ọ̀gá gbá a léjìká, ó ní, “Ọmọ yìí máa jù mí lọ.” Ọ̀rọ̀ tí ì bá mú un fò fáyọ̀ níjọ́ mìíràn, ńṣe ló mú kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì dé, Taoheed gbé ọkọ̀ lọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi gbé e padà wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lọ́jọ́ Ajé tí à ń wí yìí.

“Motọ́lání, yọ gééjì ọ́ìlì wò,” ọ̀gá wí bó ṣe ń fa ara rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀. “Bó bá jẹ́ inú ọ́ìlì ni omi ń lọ, ibẹ̀ ló ti máa hàn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bọ́ńpà. Ó fa ọ̀pá gééjì gígùn náà yọ, ó sì kẹ̀yìn sí wọn. Ọ́ìlì ti gòkè kọjá àmì ní ìwọ̀n ìka méjì, àwọ̀ rẹ̀ sì ti di ti tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́ta péré nídìí iṣẹ́ yìí máa mọ̀ pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Níyì dúró nítòsí pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, òun náà rí i. Ó mi orí díẹ̀, ó gbójú sí ọ̀nà ibòmíràn.

Motọ́lání fi àkísà nu gééjì náà mọ́ tónítóní.

“Ó dáa, ọ̀gá,” ó wí. “Ibi tó yẹ kó wà ló wà.”

Ọ̀gá Àkàngbé ò wá wò ó. Ó ti tó ọdún kan báyìí, ohun tí Motọ́lání bá ti yẹ̀ wò, kì í tún un yẹ̀ wò mọ́.

“A jẹ́ pé òkè ni,” ọ̀gá wí. Ó ń ronú síta, bó ṣe máa ń ṣe. “Kò jò sílẹ̀. Kò lọ sínú ọ́ìlì. A jẹ́ pé ó ń bá dísẹ́ẹ̀lì jóná, ó ń bá èéfín jáde. Tọ́ọ̀pù ò jókòó dáadáa. Bàbá Kọ́lápọ̀ ò gé e kó tẹ́jú.”

Tọ́ọ̀pù ni irin ńlá tó dé gbogbo slíìfù lórí. Bàbá Kọ́lápọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ni ọ̀gá máa ń gbé e fún kó fá ojú rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti jọ ń ṣe é. Ọ̀gá fa fóònù yọ. Ohun tó sọ fún bàbá náà lórí fóònù ò dùn-ún gbọ́.

Kò tó wákàtí kan, Bàbá Kọ́lápọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó ti lé láàádọ́rin ọdún. Ẹ̀ka rélùwéè ló ti kọ́ iṣẹ́ irin gígé nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ iṣẹ́ náà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun di rúlà irin rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé Bíbélì.

“Àkàngbé, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta,” ó wí. “Bébà ò lè gba abẹ́ rúlà yìí kọjá.”

“Ẹ̀gbọ́n, omi ò lè parọ́. Gbogbo ibi tó kù la ti yẹ̀ wò.”

“Ṣé ẹ ti wo ọ́ìlì?”

“Motọ́lání ti wò ó. Ó dáa.”

Bàbá yíjú sí i. “Ó dáa, ọmọ mi?”

Irọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń ṣòro, èkejì ti mọ̀nà. “Ó dáa, bàbá.”

Ọ̀gá Àkàngbé mí kanlẹ̀. Inú ń bí i, oníbàárà rẹ̀ sì ń wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Ojú yín ò ríran bíi tàtijọ́ mọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àgbà ló dé. Àmọ́ ẹ ò lè máa fi iṣẹ́ oníṣẹ́ dán ojú yẹn wò.”

Bàbá Kọ́lápọ̀ tú rúlà náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó wò ó pẹ́. Motọ́lání ń retí kó bínú. Ì bá dùn mọ́ ọn bí bàbá náà bá bínú.

“Bóyá bẹ́ẹ̀ ni,” bàbá wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. “Lánàá, mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi ló bá mi ṣe é. Mo rò pé ti irin ṣì wà lọ́wọ́ mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ di rúlà rẹ̀ padà. “Màá pa ṣọ́ọ̀bù dé. Bí iṣẹ́ ọwọ́ mi bá lọ ṣe ẹnì kan léṣe lójú títì, kí ni mo fẹ́ sọ?”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Motọ́lání lọ́kàn. Irọ́ tó rò pé orí ọ́ìlì nìkan ló mọ ti gba ojú lọ́wọ́ bàbá arúgbó, ó sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Taoheed dìde lórí táyà. “Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ẹrù mi wà ní Ìdó, bí mi ò bá kó o lónìí, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí n kó omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá dání. Màá máa dà á sí i lọ́nà títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá ti padà dé, ẹ ó tú u.”

Ọ̀gá fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù ni, ó lè gbé ẹ débẹ̀. Má sáré. Máa wo gééjì ooru ẹ dáadáa.”

Motọ́lání mọ̀ pé kì í ṣe tọ́ọ̀pù. Ọ́ìlì tí omi ti bà jẹ́ kì í lè gba irin lọ́wọ́ irin. Wọ́n á máa ha ara wọn títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì, kó gan pa lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, bóyá lórí òkè kan, tí ọkọ̀ mìíràn ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Níyì súnmọ́ ọn. “Má wulẹ̀ lanu o,” ó sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. “Tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Sátidé ò jìnnà.”

Taoheed gun ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Motọ́lání rí Sátidé náà kedere. Ó rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ìjọ, ó rí ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé náà. Ó tún rí Bàbá Kọ́lápọ̀ tó ń lọ sẹ́nu géètì, tó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ, bẹ́ẹ̀ kò tọ ògiri nígbà tó ń bọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti lọ ni, ó sì ti gbà wọ́n gbọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra kó tó mọ̀. Ó lọ síbi bátìrì trélà, ó fa wáyà orí rẹ̀ yọ. Taoheed yí kọ́kọ́rọ́, kò sí ohun tó dún.

“Kí lò ń ṣe yẹn?” ọ̀gá béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n Taoheed, ẹ má ṣáná sí i.” Ó kúnlẹ̀ níbi tó wà. “Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa. Ọ́ìlì ò dáa, omi ti kún inú ẹ̀. Mi ò ha etí ihò kẹrin. Róbà gé, mo sì fi gọ́ọ̀mù pa á. Bàbá ò ṣe nǹkan kan.”

Ọ̀gá Àkàngbé yíjú sí ọkọ̀ náà. Ó mú sípánà, ó fa abọ́ ike kan, ó padà sábẹ́ ọkọ̀, ó sì tú nọ́ọ̀tì ìdí ibi tí ọ́ìlì ń gbé. Omi ló kọ́kọ́ dà jáde, nítorí omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sá sí. Ó dà títí, abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ọ́ìlì tó rí bíi tíì ẹlẹ́mílíìkì tó tẹ̀ lé e. Taoheed ti sọ̀ kalẹ̀. Ó wo inú abọ́ náà, ó káwọ́ lérí.

Ọ̀gá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Motọ́lání ti di ojú, ó ń retí ìgbájú, àmọ́ kò rí ìgbájú. Ọ̀gá Àkàngbé, tí gbogbo Ìdí-Òrò ń pè lọ́gàá, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ bá Bàbá Kọ́lápọ̀ lẹ́nu géètì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú oníbàárà àti ọmọọṣẹ́, àyà rẹ̀ kan iyanrìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tí mo kọ́ ló ṣì mí lọ́nà, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó la ẹnu mi.”

Ìgbà yẹn ni Motọ́lání sunkún. Ìyà tara rẹ̀ ló ti múra sílẹ̀ dè. Kò múra sílẹ̀ láti rí ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun jáde.

Bàbá Kọ́lápọ̀ fa ọ̀gá dìde. Ó gbé rúlà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó fẹ́ fi dá ara rẹ̀ lójú pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú Motọ́lání. “Ọmọ mi, o ti dá ojú mi padà fún mi,” ó wí. “Àmọ́ o jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́jú ná.” Ó yí padà, ó lọ.

Ọ̀gá wá yíjú sí Motọ́lání. “Ta ló bá ẹ di slíìfù náà mú?”

Motọ́lání wolẹ̀. Níyì ló dáhùn. “Èmi ni, ọ̀gá. Èmi ni mo ní kó fi gọ́ọ̀mù sí i.”

“Ó dáa,” ọ̀gá wí. “Kò sí fírídọ̀mù ní Sátidé. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún ẹ̀yin méjèèjì. Ní báyìí, ẹ lọ kó sípánà wá.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Motọ́lání sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyáàfin Mobọ́lá ò pariwo. Ohun tó béèrè ni pé, “Ta ló sọ fún wọn?” Motọ́lání ní òun ni. Ìyá rẹ̀ mú gèlè rẹ̀. “Jẹ́ kí n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi,” ó wí. “Màá sọ fún wọn pé ọmọ mi ò tíì ṣe tán.” Ó dun Motọ́lání pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì náà tú. Béárìnì tó wà lábẹ́ písítìnnì kẹrin ti họ bí ẹni fi èékánná ya á. Ọ̀gá fi han Taoheed, ó ní ọkọ̀ náà kì bá tí kọjá Ìbàdàn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Motọ́lání fi ha etí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀gá sì ń fi ìka yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ líle sí i. Ó kàn ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ni, lójú gbogbo ẹni tó bá wọlé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sídìí iṣẹ́ lánàá. Wọ́n da omi yí àwọn slíìfù ká, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì yọjú láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ gbẹ táútáú.

Nígbà tó di Sátidé, Taoheed wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Ẹrù àkọ́kọ́ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àmọ́ ó ti rí òmíràn. Ìyàwó rẹ̀, Beulah, bá a wá, ó pọn ọmọ oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó rí Motọ́lání tó ń nu ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe? Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. A fẹ́ gbé ọmọ yìí lọ han ìyá àgbà ẹ̀ nílé ni. Ọjọ́ Ajé ló yẹ ká ti lọ, mo ti di ẹrù dúró sí Ìdó, kí wọ́n tó ní ọkọ̀ ò lè lọ mọ́.”

Motọ́lání wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ síta lábẹ́ ọ̀já, kékeré, ìbọ̀sẹ̀ wà ní ọ̀kan, kò sí ní èkejì. Ó wo Taoheed. Taoheed mọ ohun gbogbo, àmọ́ kò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún un, ó ràn án lọ́wọ́ gòkè, ó ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Motọ́lání dúró síbẹ̀ títí eruku ọkọ̀ náà fi rọlẹ̀.

Ó gba fírídọ̀mù rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Bàbá Kọ́lápọ̀ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọjọ́ wo ló kọ́ṣẹ́, Sátidé tí kò rí ìwé ẹ̀rí gbà yẹn ló máa ń dárúkọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá máa bá a, torí a kì í mọ ẹni tó máa wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe nídìí iṣẹ́ tàbí nídìí ìwé. Ẹ tètè sọ ọ́. Ká ní Motọ́lání sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí róbà yẹn gé, wákàtí kan péré ni wọn ì bá fi pààrọ̀ rẹ̀.